Ọ̀rọ̀ Ta Ló Borí? Lámèyítọ́ lórí Bí Irinṣẹ́ Ìkọ́ Sọ́fítíwíà Ṣe Ń Wá Fáìlì Ìṣètò Rẹ̀

Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í sábà ka ibi tí irinṣẹ́ wọn ti ń gba àṣẹ sí ohun tó yẹ ká jókòó dá sí. Ohun tó wà nínú fáìlì ìṣètò ló jẹ wọ́n lógún. Ibi tí fáìlì náà fara pamọ́ sí, ìwé ìlànà á sọ ọ́. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí irinṣẹ́ ń gbà wá fáìlì rẹ̀ la fi ń mọ ẹni tí àwọn tó ṣe é gbé àṣẹ lé lọ́wọ́: ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni, àbí ẹgbẹ́ tó ni iṣẹ́, àbí ẹni tó gbé irinṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀dọ̀ àgbà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Stuart Feldman ló ṣe Make ní Bell Labs, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976. Make kì í rìn jìnnà: fódà tí a bá ti pè é nìkan ló ń wò. Èyí tí GNU ṣe máa ń wá orúkọ mẹ́ta, GNUmakefile ṣíwájú, makefile tẹ̀ lé e, Makefile ló kẹ́yìn. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló ń lò, kì í yẹ ìyókù wò mọ́. Síbẹ̀, Makefile tó kẹ́yìn yìí gan-an ni ìwé ìlànà GNU ní ká máa lò, nítorí pé òkè ló máa ń wà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá to orúkọ fáìlì sílẹ̀, nítòsí README. Nínú ètò ASCII, 77 ni M ńlá, 109 ni m kékeré. Lẹ́tà ńlá ló ń ṣíwájú. Ojú èèyàn ni wọ́n ro ti rẹ̀. Èyí tó tún wù mí ni pé ẹni tó gba iṣẹ́ tó ní Makefile lè kọ makefile tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ á sì borí láìfọwọ́ kan ti oníṣẹ́. (Lórí ẹ̀rọ tí kì í fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré, ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́.)

Cargo, irinṣẹ́ àwọn tó ń fi èdè Rust ṣiṣẹ́, kì í dúró sójú kan. Ká ní a wà nínú /ise/oja/owo. Cargo á wá .cargo/config.toml nínú owo, á gòkè lọ sí oja, sí ise, títí dé orí gbogbo fódà, kó tó wá wo èyí tó wà ní ilé ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kò ní torí pé ó rí ọ̀kan kó pa ìyókù tì. Gbogbo wọn ló ń kó pọ̀. Bí fáìlì méjì bá takora lórí nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ kan, èyí tó sún mọ́ wa jù ló borí. Tó bá jẹ́ àkójọ ni, ṣe ló ń so wọ́n pọ̀, ìyẹn sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú agboolé, bí ọ̀rọ̀ bá ti dé iwájú baálé, abùṣe bùṣe. Cargo yí i po: ọ̀rọ̀ ọmọ ló ń lékè, ohun tí ọmọ kò bá sọ ni baálé ń sọ.

Ìdí rere wà fún un, nítorí fáìlì tó wà nínú fódà iṣẹ́ máa ń bá kóòdù rìn lọ sórí ẹ̀rọ gbogbo ẹni tó bá gbà á. Ṣùgbọ́n àbùkù kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbójú fò. Ibi tí èèyàn dúró ni Cargo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwákiri, kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá dúró sí fódà mìíràn, tó fi --manifest-path tọ́ka sí Cargo.toml inú owo, Cargo á kọ́ owo fún un, kò sì ní ka fáìlì ìṣètò tó wà nínú owo. Èèyàn méjì, kóòdù kan náà, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ pé wákàtí lè gorí wákàtí kó tó rí ìdí rẹ̀, nítorí pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó kọ.

Gradle, irinṣẹ́ ìkọ́ sọ́fítíwíà mìíràn, fi ọ̀rọ̀ sí ìdàkejì pátápátá. Fáìlì gradle.properties tó wà ní ilé òṣìṣẹ́ ló ń borí èyí tó wà nínú iṣẹ́. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ aṣínà àti ìwọ̀n mẹ́mórì tí ẹ̀rọ lè gbé, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló mọ̀ ọ́n. Ìyẹn náà bọ́gbọ́n mu, ó kàn jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan lè máa fi ìlànà tí ẹgbẹ́ kò mọ̀ sí ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀.

Gígòkè kiri bíi ti Cargo náà léwu. Ní oṣù kẹrin 2022, wọ́n tún Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ṣe nítorí pé lórí ẹ̀rọ Windows tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò, ẹnikẹ́ni tó bá dá fódà .git sílẹ̀ ní C:\ lè mú kí Git àwọn ẹlòmíràn ka ìṣètò rẹ̀, ìṣètò sì lè pe prógíráàmù kó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni Git ti ń wò ó bóyá ẹni tó pè é gan-an ló ni fódà. ESLint, tí í ṣe ayẹ̀wò kóòdù JavaScript, tilẹ̀ ṣíwọ́ kíkó fáìlì jọ láti òkè délẹ̀: láti ẹ̀dà 9, tó jáde ní 2024, eslint.config.js kan ló ń lò, kì í da tòkè pọ̀ mọ́ ọn. Ìpinnu tó dáa ni.

N kò ní sọ pé ti Make nìkan ló tọ́. Iṣẹ́ ńlá tó ní ọgọ́rùn-ún fódà kò lè gba bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n irinṣẹ́ ni bóyá ó lè sọ ibi tó ti gbọ́ ohun tó ń ṣe. Git ní --show-origin tó ń kọ orúkọ fáìlì síwájú ìlànà kọ̀ọ̀kan. Bazel, irinṣẹ́ ìkọ́ sọ́fítíwíà mìíràn, ní --announce_rc fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tó ń yan irinṣẹ́ fún iṣẹ́ tuntun, irú àṣẹ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé ìlànà rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ máa fi ẹnu ara yín dárúkọ fáìlì tó yẹ kó kà nígbàkigbà tí ẹ bá ń pè é.