Ẹsẹ̀ Ṣáájú Etí: Lámèyítọ́ lórí Ọ̀nà tí A Ń Gbà Kọ́ Ọmọdé ní Ijó ní Abẹ́òkúta

Kí ni ìpìlẹ̀ ijó Yorùbá? Gbogbo olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́fà dìde láti kọ́ ijó ti dáhùn ìbéèrè yìí ná, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, bí ó ti wọ́pọ̀ ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, ni pé ẹsẹ̀ ni ìpìlẹ̀: ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ẹsẹ̀ òsì síwájú, bẹ̀rẹ̀, yí padà, pàtẹ́wọ́. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé etí ni ìpìlẹ̀, àti pé ẹ̀kọ́ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ṣáájú etí ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ó yàtọ̀ sí ijó Yorùbá, bí ọmọ náà tilẹ̀ wọ aṣọ òfì.

Ijó kì í ṣe àlejò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba. Nínú ìlànà-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí àjọ NERDC ṣe, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2008, ijó wà lábẹ́ iṣẹ́ tí a ń pè ní Cultural and Creative Arts, pẹ̀lú àwòrán yíyà, orin àti eré oníṣe. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń retí pé kí ó kọ́ wọn ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ó mọ àwòrán yà lè má mọ ijó jó. Ẹni tí ó mọ ijó jó lè má mọ ohun tí ìlù ń wí. Nítorí náà, ijó kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àkókò tirẹ̀ títí ayẹyẹ ìparí ọdún yóò fi kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ijó ayẹyẹ yìí bí a ti ń wo ewì tàbí eré orí ìtàgé. Àwọn ọmọ tò ní ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Orin ń jáde láti inú ẹ̀rọ. Olùkọ́ dúró níwájú, ó ń ka oókan dé ẹ̀jọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, òǹkà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ojú tín-ínrín wo ìlànà yìí. Olùkọ́ tí ó ní ogójì ọmọ níwájú rẹ̀ nílò ètò. Ìlà ń dáàbò bo ọmọ tí ojú ń tì, òǹkà sì ń jẹ́ kí ọmọ tí ara rẹ̀ kò tètè yá rí ibi tí yóò ti bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá pa orin inú ẹ̀rọ náà, tí a sì fi òmíràn tí ó ń lọ ní ìwọ̀n kan náà rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú ijó àwọn ọmọ náà. Ibẹ̀ gan-an ni àléébù náà wà.

Àwọn àgbà ní: òwe òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Òwe yìí so ijó mọ́ òye. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ìyáàlù dùndún ń sọ̀rọ̀ nítorí pé onílù lè fún okùn awọ ara rẹ̀ mọ́ra tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ láti fara wé àwọn ohùn wọ̀nyí. Oníjó a gbọ́ oríkì, a tẹ̀ ba. A gbọ́ ẹ̀fẹ̀, a fi èjìká dáhùn. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Dance (1998), Omofolabo Ajayi ka ijó sí ètò àmì tí ara fi ń gbé ìtumọ̀ jáde. Margaret Thompson Drewal, nínú Yoruba Ritual (1992), tẹnu mọ́ àtinúdá àwọn òṣèré lójú agbo. Bí a bá pa èrò méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé èsì ni ijó jẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kò lè fèsì.

Ẹnìkan lè wí pé ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń kọ́kọ́ mọ a, b, d kí ó tó kàwé. Àfiwé yìí kò dúró. Ọmọ tí ń kọ́ a, b, d ti ń sọ èdè kí ó tó dé ilé-ìwé. Etí ni ó fi gba èdè náà. Ẹ̀rí sì wà nínú ọgbà ilé-ìwé fúnra rẹ̀. Nínú eré tẹ́ńtẹ́n, ọmọbìnrin méjì a kọjú sí ara wọn, wọn a pàtẹ́wọ́, wọn a kọrin, wọn a fò, nígbà tí orin bá sì dé ibi tí ó yẹ, oníkálukú a na ẹsẹ̀ kan síwájú. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ṣe bá ara wọn mu ni yóò fi ẹni tí ó jẹ hàn. Kò sí olùkọ́ tí ń ka òǹkà fún wọn. Orin ni ó ń darí ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ní kí a kọ́ ní ìpìlẹ̀ ijó ti ní ìpìlẹ̀ náà nígbà ìsinmi. Wákàtí ẹ̀kọ́ ni ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn.

Abẹ́òkúta mọ irú ọ̀ràn yìí rí. Henry Townsend dé ìlú náà ní 1843, ó sì padà wá tẹ̀ dó ní 1846. Ìjọ àti ilé-ìwé jọ ta gbòǹgbò níbẹ̀. Àwọn orin ìjọ tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lọ́ ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá po, nítorí pé ohùn orin àjèjì ni wọ́n tẹ̀ lé. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930), ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tí ó wá ojútùú sí i: ó kọ orin ìsìn tí ó bá ohùn èdè mu, a sì gba púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ohun tí ó ṣe fún ohùn orin ni a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣe fún ẹsẹ̀: kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ijó tẹ̀ lé e.

Ìlù wo ni kí a wá lò? Ọ̀rọ̀ yìí gba ọgbọ́n. Orò kì í ṣe ohun àfihàn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí i. Ọ̀pọ̀ òbí Krìstẹ́nì àti Mùsùlùmí ni kò sì ní fẹ́ kí ọmọ wọn jó ijó egúngún ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ìlú tí Yusuf Olatunji ti lu sákárà, tí Ayinla Omowura ti kọ àpàlà, kò lè sọ pé òun kò ní ìlù tí kò so mọ́ òrìṣà. Kì í ṣe gbogbo orin wọn ni ó yẹ etí ọmọdé. Ìlù wọn ni a nílò. Sákárà rọrùn fún kíláàsì: amọ̀ roboto tí a fi awọ bò ni, kò wúwo, ìka ọwọ́ tí ó ń tẹ awọ náà ni ó sì ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ìrìn rẹ̀ kò yára, ọmọ yóò rí àyè gbọ́. Kí olùkọ́ lu "ọkọ́", kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń roko. Kí ó lu "ọkọ̀", kí wọ́n rìn bí ẹni ń wa ọkọ̀. Ọmọ tí ó bá ṣi ohùn gbọ́ yóò ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì mọ ìdí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ijó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ayẹyẹ ìparí ọdún. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Bí èdè bá ń kúrò lẹ́nu olùkọ́, ìlù nìkan ni ó lè ṣẹ́ kù nínú kíláàsì tí ó ṣì ń sọ Yorùbá. Bí a bá wá kọ́ ọmọ láti jó láìgbọ́ ohun tí ìlù ń wí, a ti pa ẹnu kejì mọ́ ìkínní. Ọdún díẹ̀ sí i, onílù yóò ki ọmọ Ẹ̀gbá lóríkì lójú agbo, ọmọ náà yóò sì máa ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti oókan dé ẹ̀jọ, láì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.