Ẹlẹ́gùn Inú Kọ̀ǹpútà

William Gibson gbé ìwé Count Zero jáde ní 1986. Ayé ọjọ́ iwájú ni ìwé náà ń sọ, ayé tí àwọn èèyàn ti ń so orí wọn mọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n á sì máa rìn kiri inú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń rìn nígboro. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i yóò kọsẹ̀ léraléra. Níbo ni Barrytown? Kí ni Sprawl? Kí ni simstim? Gibson kì í dúró ṣàlàyé; ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé kò bá tíì ju ìwé sílẹ̀, àwọn orúkọ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú: Legba, Ougou Feray, Danbala. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń ka ìwé náà ní Ọ̀tà yóò ti tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Mo ka ìwé yìí sí iṣẹ́ ọnà gidi, ibi tí ọnà náà wà ni mo sì fẹ́ tọ́ka sí. Kì í ṣe torí pé òyìnbó kan dárúkọ òrìṣà. Àwọn tó ti dárúkọ òrìṣà láìmọ ohun tí wọ́n ń sọ ò lóǹkà. Ohun tó wú mi lórí ni bó ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí gbólóhùn kan ṣoṣo fi ní ẹnu ọ̀nà méjì: ará Amẹ́ríkà gba ìhín wọlé, ará Ṣàngó Ọ̀tà gba ọ̀hún, àwọn méjèèjì sì bá ara wọn nínú yàrá kan náà.

Ẹ wo ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Bobby Newmark. Ọmọ Barrytown ní New Jersey ni, kò lówó, àmọ́ ó ti sọ ara rẹ̀ ní Count Zero, ó fẹ́ di ògbóǹtarìgì láàárín àwọn tó ń já wọ inú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Two-a-Day yá a ní ètò kan tí wọ́n fi ń fọ́ ice, ìyẹn odi ààbò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mọ yí àṣírí wọn ká. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lò ó, odi náà gbá a mú, ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró. Ikú ti dé. Àfi bí ohùn ọmọbìnrin kan ṣe ti ibi tí kò mọ̀ wá, tó béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún un, tó sì tú u sílẹ̀. Nígbà tí Bobby bá Beauvoir àti Lucas pàdé, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì tí ọ̀rọ̀ náà yé, wọ́n sọ fún un pé Vyèj Mirak ló gbà á là. Ohun tí wọ́n ń sọ kò yé Bobby rárá. Kò yé àwa náà.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nìyẹn. Gibson mú ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ó fi í sáàárín àwọn tó mọ̀, kí ìbéèrè tó wà lọ́kàn òǹkàwé lè ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àlàyé tó bá tẹ̀ lé e kì í dà bí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, nítorí ẹ̀mí ọmọ náà wà nínú ewu. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó lè yè.

Ọgbọ́n kejì wà nínú ọ̀rọ̀ tí Lucas bá Bobby sọ nínú Rolls-Royce gígùn kan tó ń jẹ́ Ahmed. Lucas bi ọmọ náà bóyá ó mọ ohun tí àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ jẹ́. Bobby bi í padà bóyá ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni, irú bíi kàpásítọ̀. Lucas ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wá ní kó ka Jackie, obìnrin tó jẹ́ àwòrò àti ẹṣin Danbala, sí deck, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ ayé inú kọ̀ǹpútà. Kó sì ka Danbala sí ètò tí wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀rọ náà. Danbala wọ Jackie, Jackie fọ́ odi. Ó parí.

Ó yé Bobby, nítorí ó mọ deck. Ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá lè máà tíì gbọ́ deck rí, kí ọ̀rọ̀ náà sì yé e ju bó ṣe yé Bobby lọ. Ó ti mọ ẹlẹ́gùn. Ó mọ̀ pé bí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn, ohùn á yí padà, ojú á yí padà, ọwọ́ ẹni lásán á máa ṣe ohun tí ẹni lásán ò lè ṣe. Bí òrìṣà bá sì sọ̀ kalẹ̀, ẹlẹ́gùn á padà sí ara rẹ̀, á tún di bàbá ẹnìkan tó ń lọ sóko. Láti ibẹ̀ ló ti máa mọ ohun tí deck jẹ́: ara tó ń dúró de ẹni tó máa gùn ún.

Ní agbègbè ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, ẹnu ọ̀nà kẹta tún ṣí. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń rọ ohun mímu sínú ìgò. Àpótí ìdarí wà lára rẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní páńẹ́ẹ̀lì. Iná lè wà, kí gbogbo ara ẹ̀rọ sì pé, bí ẹnjiníà kò bá tíì kó ètò sínú páńẹ́ẹ̀lì náà, ẹ̀rọ á kàn dúró gbagidi ni. Kó ètò kan sí i, á máa rọ púpọ̀ sínú ìgò. Pààrọ̀ ètò náà, á máa rọ díẹ̀. Irin kan náà, wáyà kan náà. Ẹni tó ti fi òru ṣọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò nílò kí Lucas tún un sọ.

Beauvoir ti kọ́kọ́ sọ èyí tó wúwo jù nípa Vodou, ẹ̀sìn àwọn ará Haiti. Ó ní Ọlọ́run wà, Gran Met ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ó tóbi jù, ó sì jìnnà jù láti máa dá sí ìṣẹ́ tálákà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà èèyàn á wá àwọn ẹ̀mí tó sún mọ́ ọn, tó lè bá a yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ̀sìn ojú títì ni, ẹ̀sìn àwọn tó fẹ́ kí nǹkan ṣeé ṣe. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. A kì í kọ́ ojúbọ fún Olódùmarè. Èṣù ló ń gbé ẹbọ lọ síbi tó ń lọ. Legba, tí í ṣe Èṣù yìí gan-an, ni Beauvoir pè ní ọlọ́nà àti olúwa ìbánisọ̀rọ̀ nínú ayé kọ̀ǹpútà. Ta ni wọn ìbá tún fi síbẹ̀? Ayé tó jẹ́ kìkì oríta, tí ọ̀nà ń já sínú ọ̀nà, tí iṣẹ́ ń lọ tí èsì ń bọ̀, ta ló ni ín bí kò ṣe Ẹlẹ́gbára? Nígbà tó yá, Baron Samedi tó ni itẹ́ òkú ló wá mú Josef Virek lọ, olówó tó ti ń fi owó sá fún ikú láti ọjọ́ pípẹ́. Gibson kò to àwọn ẹ̀mí yìí jọ fún ẹ̀ṣọ́. Ó bi orúkọ kọ̀ọ̀kan pé, kí ni iṣẹ́ rẹ? Iṣẹ́ náà ló sì gbé lé e lọ́wọ́.

Ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ kéré. Gibson, tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà ní 1948, tó sì fi Vancouver ní Kánádà ṣe ilé, sọ fún Larry McCaffery nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pé àròkọ kan nípa Haiti nínú ìwé ìròyìn National Geographic ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí òun lọ́kàn. Ẹni tó bá ń gbé ní Ọ̀tà ní ju ìyẹn lọ lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Láti Ṣàngó Ọ̀tà, ọ̀nà Ìdìrókò gba ìwọ̀-oòrùn lọ sí ilẹ̀ àwọn Ànàgó, ó kọjá ẹnubodè, ó dé Àjàṣẹ́, ó sì ń lọ títí dé Ouidah. Ní Ouidah ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn Fọn àti Yorùbá sínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn kan nínú wọn dé Saint-Domingue, níbi tí àwọn ẹrú ti dìde ní 1791, tí wọ́n gba òmìnira ní 1804, tí wọ́n sì sọ ilẹ̀ náà ní Haiti. Títí dòní, nínú Vodou, ìdílé tí Ògún wà ni wọ́n ń pè ní Nago. Nítorí náà, bí Ougou Feray bá yọ nínú ìwé Gibson, Ògún tí àwọn awakọ̀ àti wẹ́dà Ọ̀tà mọ̀ ni, Ògún àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ àlòkù irin di ọ̀pá irin ìkọ́lé, àfi pé ó ti gba orí òkun kọjá kó tó dé inú kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìdùnnú mú wa gba ohun tí kì í ṣe tiwa. Dàn, ejò àwọn Fọn, ni Danbala ti ṣẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣùmàrè sún mọ́ ọn. Ezili Freda, ẹ̀mí Vodou mìíràn, ní ìtàn tirẹ̀ ní Haiti. Ẹni tó bá fi dandan pè é ní Ọ̀ṣun ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí kò tíì yé e. Òǹkàwé rere á mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé, á sì bọ̀wọ̀ fún ibi tó kù.

Ibi tó ṣòkùnkùn jù fún wa nínú ìwé náà ni apá ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Marly Krushkhova. Virek gbà á síṣẹ́ pé kó wá ẹni tó ń ṣe àwọn àpótí kan tó lẹ́wà, tó sì kún fún ìbànújẹ́. Òǹkàwé tó mọ iṣẹ́ ọnà Amẹ́ríkà á rántí Joseph Cornell ti New York, tó kú ní 1972, ẹni tó fi ayé rẹ̀ to nǹkan kéékèèké sínú àpótí onígíláàsì. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Cornell rí ńkọ́? Gibson ti pèsè sílẹ̀ fún òun náà. Ó ka ohun inú àpótí náà lọ́kọ̀ọ̀kan: egungun ẹyẹ, pátákó inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ilà góòlù kún ojú rẹ̀, ọmọ amọ̀ funfun roboto, àjákù léèsì tí ọjọ́ ti sọ di dúdú, egungun ọrùn ọwọ́ èèyàn. Kò sọ ohun tí wọ́n dúró fún. Àrokò pọ́ńbélé! Àwọn baba wa a máa so owó ẹyọ pọ̀ mọ́ ìyẹ́, wọn a fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á sì mọ̀ pé iye owó ẹyọ náà, ìhà tí wọ́n kọjú sí, àti ohun tí wọ́n bá rìn, ló ń sọ̀rọ̀. Bí Marly náà ṣe wo àpótí nìyẹn. Ó dúró tì í títí tí ó fi fọhùn.

Ẹni tó ń ṣe àpótí yìí ni kọ́kọ́rọ́ ìwé náà. Ní òpin Neuromancer, ìwé tí Gibson kọ ṣáájú ní 1984, ọgbọ́n àtọwọ́dá ńlá méjì para pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí Count Zero fi máa bẹ̀rẹ̀, ẹni ńlá náà ti fọ́. Àwọn ègé rẹ̀ fọ́n káàkiri ayé kọ̀ǹpútà; àwọn kan gbé ìrísí Legba àti Samedi wọ̀; ọ̀kan dá wà lókè ojú ọ̀run, ó ń ṣa pàǹtí jọ, ó ń fi ṣe àpótí. Ta ni kò ní rántí Àtúndá? Ẹrú tó yí òkúta láti orí òkè lu Òrìṣà-ńlá, tí òrìṣà náà fọ́ yángá, tí Ọ̀rúnmìlà fi ṣa èyí tó lè ṣà, tí ìyókù sì di àwọn òrìṣà káàkiri ayé. Bọ́lájí Ìdòwú kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1962, Wọlé Ṣóyínká sì fi ṣe ọ̀kan lára òpó ewì rẹ̀, Idanre. N ò sọ pé Gibson gbọ́ ìtàn náà rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ yóò rí ìyàtọ̀ tí ẹlòmíràn kò ní rí: lọ́dọ̀ tiwa, fífọ́ yẹn ló sọ ọ̀kan di púpọ̀, òun ló jẹ́ kí olúkúlùkù rí òrìṣà tirẹ̀ bọ; ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe àpótí, àárò ìgbà tó ṣì wà ní odindi ló ń sọ ọ́.

Irú kíkà báyìí kò ṣàjèjì ní Ọ̀tà. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, akọrin lè bá ènìyàn wí láìdárúkọ rẹ̀. Á pa òwe, á fi ẹyẹ tàbí ẹranko ṣe àpẹẹrẹ, àwùjọ á sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ohun tí Gibson ń retí lọ́wọ́ òǹkàwé rẹ̀ nìyẹn.

Òǹkọ̀wé Nalo Hopkinson, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà ní 1960, tún gbé e síwájú nínú Midnight Robber ní 2000. Níbẹ̀, eshu ni orúkọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ilé, tó ń dá onílé lóhùn, òun náà ló sì ń sọ ìtàn. A ti wọlé kí ará Amẹ́ríkà tó kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí a bá dé orúkọ bíi Half-Way Tree àti douen, àwa náà á dúró, á di dandan kí a bi ọmọ Jàmáíkà àti ọmọ Trinidad léèrè.

Bí ẹ bá fẹ́ ka irú ìwé wọ̀nyí, ẹ má ṣe sáré lọ wá ìtumọ̀ gbogbo orúkọ tí ẹ bá kàn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ náà ṣiṣẹ́ níwájú yín ná. Ẹ wo ẹni tó ń pè é, ohun tó ń bá a wá, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó béèrè. Tade Thompson, tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára rẹ̀, ti gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 pẹ̀lú Rosewater, ìtàn tó fi Nàìjíríà ọjọ́ iwájú ṣe ibùdó, nítorí náà ọ̀nà ti là. Gibson fi àròkọ kan nípa Haiti kọ́ ilé ńlá. Àwọn tó mọ páńẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n sì mọ ẹlẹ́gùn, ń bẹ ní Ṣàngó Ọ̀tà, ọwọ́ wọn ni mo sì ti ń retí ìwé tó kàn.