Èèkù Ọ̀bẹ Tó Padà Dán

Ní Àgbárá, níbi tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti ń ké tọ̀sántòru, mo ṣì ń yẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà sí, nígbà tí alápatà bá gbé ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ ti họ, tó sì ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, wá bá a. Bí ọwọ́ ọmọ kò bá tí ì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀, ni àwọn àgbà wí; èèkù ni wọ́n mẹ́nu bà, wọn kò dárúkọ ojú idà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà yóò kọ́kọ́ fi aṣọ di ojú ọ̀bẹ náà pinpin, nítorí irin Ògún Lákáayé kò mojú ẹni tó ń ṣe é lóore. Sáńpépà oní-80 ni yóò fi máa bá ìlà igi lọ, kò ní dá a lábùú, títí gbogbo àpá yóò fi pa rẹ́. Oní-120 á tẹ̀ lé e, kí oní-240 tó dé. Omi ló wù mí jù: yóò fi àkísà tútù nu igi náà kí irun rẹ̀ lè dìde, bó bá sì gbẹ, yóò tún fá a. (Ewé ìpín, tí ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, ni àwọn agbẹ́gilére àtijọ́ fi ń ṣe é.)

Òróró ló kẹ́yìn. Fáníṣì a máa dán jù ú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ ẹ lára ọ̀bẹ alápatà: bí ọ̀rá bá ti kàn án, a máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́.