Gẹ̀ẹ́sì Orí Fóònù àti Lẹ́tà Ìwáṣẹ́

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọmọ ènìyàn yóò máa ju ẹyin ọ̀hún láti orí fóònù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé mi, ó fajú ro bí ẹni tí adìẹ rẹ̀ sọnù. Ó ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan láti bí oṣù méjì, wọn ò sì dá a lóhùn. Mo ní kó mú ẹ̀dà lẹ́tà náà wá kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń lọ geere títí mo fi dé ìlà kẹrin. Níbẹ̀ lọmọ ti kọ ọ́ pé òun "lowkey" mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oníbàárà, ó sì fi "no cap" dé e lórí. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún ìlà náà kà.

"Dèjì, kí ni 'lowkey' yìí?"

"Bọ̀ọ̀dá, 'gan-an ni' ló túmọ̀ sí. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tuntun márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ wa lójúmọ́."

Ẹ gbà mí! Ohun tí àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń fi sọ ni "díẹ̀", tàbí "lábẹ́lẹ̀, láìpariwo". Ọmọ tó ń wáṣẹ́ kọ ọ́ sí ọ̀gá pé òun mọṣẹ́ náà díẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ó wá fi kún un pé òun ò parọ́! N kò lè búra pé ìlà yẹn ló gbéṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni ọ̀gá ibẹ̀, ǹ bá rẹ́rìn-ín, ǹ bá sì mú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ yẹ ẹ̀kọ́ orí fóònù wò lónìí: àwọn fídíò kéékèèké àti àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ tó ní àwọn yóò fi ẹnà àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì. N kò wá bú wọn o. Olóòótọ́ ènìyàn yóò gbà pé wọ́n wúlò. Nígbà tí àwa ń kàwé, pàṣán ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A há a sórí lónìí, a gbàgbé rẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rín ni àwọn tòde òní fi ń kọ́ tiwọn, ohun tí a bá sì fi ẹ̀rín kọ́ kì í tètè kúrò lórí. Ẹ wo "rizz", tí àwọn oníwèé atúmọ̀-èdè Oxford yàn ní ọ̀rọ̀ ọdún 2023. Wọ́n ní àárín "charisma" ni wọ́n ti gé e yọ, ìyẹn ohun tó wà lára ẹni tó ń fa ojú ayé mọ́ra. Ọmọ tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ọ̀kan fún ọ̀rẹ́, ọ̀kan fún lẹ́tà. Àmọ́ ṣé àwọn tíṣà orí fóònù ń dé ibẹ̀? Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́ ọmọ ní ìlàjì, wọ́n á sì kọjá sórí òmíràn.

Kò sì yẹ kí àwa àgbà máa ṣe bí ẹni pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. "OMG" tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀gágun ojú omi John Fisher ti kọ ọ́ nínú lẹ́tà sí Winston Churchill lọ́dún 1917. "Brain rot", tí Oxford yàn lọ́dún 2024, wà nínú ìwé Walden tí Henry David Thoreau tẹ̀ jáde lọ́dún 1854. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń fi yangàn pé tuntun ni, bàbá bàbá ẹlòmíràn ti lò ó gbó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bá ẹ̀kọ́ yìí jà sí ni pé kì í sọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní "ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́" ni, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jáde. Ẹ wo "woke". Lọ́dún 1962, William Melvin Kelley, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú New York Times nípa irú èdè bẹ́ẹ̀, "woke" sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Lẹ́nu wọn, ìkìlọ̀ ni: lajú rẹ, má sùn, kí wọ́n má baà rẹ́ ọ jẹ. Ọdún 2017 ni ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ìtumọ̀ yẹn wọlé. Lónìí, àwọn olóṣèlú kan ti sọ ọ́ di èébú. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀bẹ ni wọ́n fún un láìfi èèkù hàn án.

Ìkejì: ta ló ń sọ ọ́ fún ta? Yorùbá náà ní ẹnà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, a máa ń fi ẹnà sọ̀rọ̀ kí àwọn àgbà má baà gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ fi ẹnà kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀? Ọmọ tí kò jẹ́ sọ "o" sí ọ̀gá rẹ̀ ní Yorùbá, òun náà ló ń kọ "bro" sí i ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí fídíò kò sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì náà ní "ẹ" tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ hàn sójú. Kì í sì í ṣe ọmọ wa nìkan ló ń ṣì í lò. Lọ́dún 2012, níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí Leveson ní London, Rebekah Brooks ṣàlàyé pé David Cameron, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, a máa fi "LOL" parí àtẹ̀jíṣẹ́ sí òun nígbà mìíràn. Ó rò pé ìfẹ́ púpọ̀ ni òun fi ń ránṣẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹ̀rín kèékèé ni. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí o!

Ìkẹta: ọjà yìí tètè ń bàjẹ́ ju tòmátì lọ. Lọ́dún 2025, Dictionary.com yan "67", tí wọ́n ń pè ní "six-seven". Kí ló túmọ̀ sí? Kò ní ìtumọ̀ pàtó kankan! Àwọn ọmọdé ń pariwo rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ara wọn ni. Mo bi yín, kí ni tíṣà fẹ́ kọ síwájú rẹ̀ lójú pátákó?

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń ṣàṣejù, kó wo ọ̀rọ̀ tiwa. Ní January 2025 ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé "japa", "agbero" àti "419" ti wọ ìwé atúmọ̀-èdè Oxford. Inú mi dùn. Gẹ̀ẹ́sì ló wá kọ́ ẹnà lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ẹ ronú kan ọmọ Jámánì tó ń kọ́ "japa" lórí fóònù. Wọ́n á sọ fún un pé kí ènìyàn fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ sókè òkun ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ "já" tó wà nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ẹran já okùn. Kò ní mọ̀ pé bí ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà bá sọ ọ́, ẹ̀rín ni; bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ bá sọ ọ́, ẹkún ni. Ohun tí ọmọ Jámánì yẹn kò gbọ́ nínú "japa", irú rẹ̀ gan-an ni Dèjì kò gbọ́ nínú "lowkey".

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Mo sọ fún Dèjì pé bó bá ti rí ọ̀rọ̀ tuntun, kó béèrè ohun mẹ́ta: ẹnu ta ló ti jáde? Ta ni wọ́n ń sọ ọ́ sí? Kí ni mo máa kọ dípò rẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀gá ló máa kà á? A jọ jókòó ti lẹ́tà náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fa "lowkey" àti "no cap" yọ. Ọdún méjì tó fi bá ìyá rẹ̀ tajà ní ìsọ̀ ló kọ sí ipò wọn, ohun tí kò tilẹ̀ rántí pé iṣẹ́ ni.

Ó ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ síbòmíràn. A ṣì ń retí èsì.