Ilẹ̀kùn tí Àjàní Gbà Wọlé: Àyẹ̀wò Ó Le Kú nínú Kíláàsì Yorùbá ní Òwu-Ìsin

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ gbé Ó Le Kú (1974), ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, yẹ̀ wò. Kì í ṣe ní ojú ìfẹ́ àti ìjákulẹ̀ tí àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ lé lórí tó, bí kò ṣe ní ojú akẹ́kọ̀ọ́ girama tí ó ń kà á ní Òwu-Ìsin, tí ó sì ń rò ó bóyá yunifásítì wà fún irú òun.

A mọ ohun tí olùkọ́ sábà máa ń fi ìwé náà kọ́ni. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kí ó mú ìyàwó wá. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì dàrú. Olùkọ́ yóò béèrè ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́, kíláàsì yóò dáhùn pé kí ọ̀dọ́kùnrin má ṣe kó obìnrin jọ. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fo ọgbà yunifásítì tí ó jẹ́ ibùdó ìtàn dá. Fún ọmọ tí kò dé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ rí, ojú ìwé wọ̀nyí lè jẹ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́.

Àlàfo kan wà níbẹ̀. Bí Àjàní ti ṣe wọ yunifásítì kọ́ ni àhunpọ̀ ìtàn dá lé. Òǹkàwé Ìbàdàn lè má fura. Ti Òwu-Ìsin yóò fura. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, Ìgbómìnà ti Ìlá jẹ nínú rẹ̀. Ti Òwu-Ìsin àti Òmù-Àrán wà lábẹ́ Àríwá, wọn kò sì jẹ níbẹ̀. Ní 1974, yunifásítì mẹ́fà péré ni ó wà ní Nàìjíríà, kò sí ọ̀kan ní Kwara. 1975 ni ti Ìlọrin dé. Yunifásítì Landmark ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011, ṣùgbọ́n ti aládàáni ni, agbára gbogbo ilé kọ́ ni ó ká owó rẹ̀.

Èrò wa ni pé kí olùkọ́ ka ìtàn náà sẹ́yìn. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yunifásítì fún Àjàní? Ta ni ó san owó? Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orí tí Ìṣọ̀lá kò kọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti Òwu-Ìsin òde òní: krẹ́díìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, ìdánwò JAMB tí ó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015, àti iṣẹ́ tí a yàn ní SS1. Èyí ìkẹyìn ni ó ń bá ọ̀pọ̀ jẹ́. Ọmọ tí kò mọ̀ ní SS1 pé iṣẹ́ tí òun ń fi sílẹ̀ ni yunifásítì yóò béèrè, ó di SS3 kí ó tó mọ̀, ẹ̀pa kò sì bóró mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ Yorùbá, a ó bi í pé ilé ìwé ìgbèríko mélòó ni ó ní olùtọ́sọ́nà.

Ó tún ku ti àwọn ọmọbìnrin. Ìbéèrè tí ìtàn náà ń tẹnu mọ́ lórí wọn ni pé ta ni yóò fẹ́ Àjàní nínú wọn. Kí olùkọ́ bi àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀ pé: bí kò bá sí Àjàní, kí ni Àṣàkẹ́ ìbá fẹ́ fi ìwé tí ó kà ṣe? Kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè Ìgbómìnà dáhùn bí ó bá wù wọ́n.