Olórin, Èrò Ẹ̀yìn Rẹ̀, àti Ojú Kámẹ́rà

Bí ayàn bá ń lọ sí òde, kì í dá lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a gbé omele tẹ̀lé e, àwọn ọmọdé àdúgbò a máa sáré lẹ́yìn wọn, àwọn àgbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ baba wọn lẹ́nu ìlù lánàá a sì tún jáde lónìí láti gbọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èrò ẹ̀yìn jẹ́ apá kan iṣẹ́ olórin, kì í ṣe èènì orí rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá fi ojú pàtàkì wo irú sinimá kan tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn: sinimá tí kì í ṣe àròsọ, tí ó ń tọ ẹgbẹ́ olórin lẹ́yìn, tí ó sì ń ya àwọn tí ń ṣeré àti àwọn tí ń wò wọ́n bí wọ́n ti rí gan-an. Méjì nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí gbé lé orí ìwọ̀n. Èkíní ni The Grateful Dead Movie, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1977. Èkejì ni Konkombe, èyí tí Jeremy Marre, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní Nàìjíríà ní 1979. Ọdún méjì péré ni ó wà láàrin wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn sí ara wọn. Ẹni tí ó bá sì mọ bí a ti ń ṣe àríyá ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́ yóò rí i pé ohun tí èkíní ní ni èkejì ṣe aláìní, àti pé ohun tí èkejì ìbá fi borí wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ tí kò nawọ́ mú un.

Ẹgbẹ́ Grateful Dead bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní 1965. Jìtá, ìlù àti ohùn ẹnu ni wọ́n ń lò bí àwọn ẹgbẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wọn yàtọ̀ ni pé wọn kì í kọ orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin tí gbogbo èrò ti mọ̀, wọn a fi ojú ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ láàrin kan, wọn a máa wá ọ̀nà mìíràn kiri bí ọdẹ tí ó tọ ipasẹ̀ ẹran wọ igbó, ó sì lè tó ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó padà. Nítorí èyí ni àwọn olùfẹ́ wọn fi ń bá wọn kiri láti ìlú dé ìlú: ẹni tí ó gbọ́ ti àná kò tíì gbọ́ ti òní. Àwọn èrò ẹ̀yìn yìí ní orúkọ tiwọn, Deadheads. Àwọn kan nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ta oúnjẹ àti aṣọ ní ẹ̀bá ilé eré kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ dé ìlú tí ó kàn. (Aṣọ náà, dídì ni wọ́n ń dì í kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ojú aláró Abẹ́òkúta kò ní ṣàjèjì sí i.) Àwọn mìíràn ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, ẹgbẹ́ náà kò sì dí wọn lọ́wọ́, nígbà tí ó di 1984, wọ́n tilẹ̀ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú gbọ̀ngàn.

Òru márùn-ún ni wọ́n fi ya fíìmù náà, láti 16 títí di 20 Oṣù Kẹwàá 1974, ní gbọ̀ngàn Winterland ní San Francisco, nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ dá ìrìn àjò dúró fún sáà kan. Jerry Garcia, tí ó jẹ́ olórin àti atajìtá wọn, ni ó jókòó ti iṣẹ́ gígé àti títò rẹ̀, ó sì ju ọdún méjì lọ kí iṣẹ́ náà tó parí. Ó lé ní wákàtí méjì. Ẹni tí ó bá rò pé olórin tí ó ń to fíìmù ara rẹ̀ yóò fi ojú ara rẹ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnu yóò yà á. Àwọn tí ó tò sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tí ń ra ìpápánu, àwọn tí ń jó tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọn, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ga bí ògiri ilé, gbogbo wọn ni ó fún láyè. Ẹnìkan tilẹ̀ wà láàrin àwọn èrò tí inú ń bí sí àwọn ayàwòrán pé wọ́n ń da eré rú. Garcia kò gé e sọnù. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù náà ti níyì jù, nítorí ó gba ẹ̀rí èrò ẹ̀yìn wọlé, kódà nígbà tí ẹ̀rí náà ta ko fíìmù fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀ àléébù kan wà níbẹ̀ tí ojú Yorùbá kò ní ṣàì rí. Àwọn èrò mọ orúkọ olórin, wọ́n sì mọ ìtàn jìtá rẹ̀. Olórin kò mọ orúkọ wọn. Ìfẹ́ náà ń lọ, kì í bọ̀. Ènìyàn lè tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí fún ogún ọdún láìgbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu wọn rí, kò sì ní ka èyí sí ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ènìyàn bá tẹ̀lé onílù fún ọjọ́ méje tí onílù kò kì í, onílù ni ojú yóò tì.

Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mickey Hart, onílù tí ó ti kúrò láàrin wọn ní 1971, padà wá bá wọn lù ní òru tí ó kẹ́yìn nínú òru márùn-ún náà. Òun ni ó wá sún mọ́ Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ẹni tí àwo orin rẹ̀, Drums of Passion, ti gbòde ní Amẹ́ríkà láti 1960. Ní alẹ́ 31 Oṣù Kejìlá 1985, Olatunji àti àwọn onílù rẹ̀ ni wọ́n ṣí eré fún Grateful Dead ní Oakland. Ní 1991 ni àwo Planet Drum jáde, Olatunji wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Sikiru Adepoju, ọmọ Èrúwà tí ó mọ gángan í lù, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy. Ohun ìwúrí ni. Ṣùgbọ́n gángan tí ń fọhùn láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, adùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Konkombe wá sí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ fíìmù tí Marre pè ní Beats of the Heart, tí ó ti ya ti Jàmáíkà ṣáájú ní 1977, àwọn tí ń wo tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é fún. Nǹkan bí wákàtí kan ni gbogbo rẹ̀. Nínú wákàtí kan yìí ni Fela Anikulapo-Kuti wà, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun jó ilé rẹ̀ ní 18 Oṣù Kejì 1977. Ibẹ̀ ni Sunny Ade wà, àti I. K. Dairo, àti Sonny Okosun, àti àwọn ìbejì Lijadu, Taiwo àti Kehinde. Kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ pín wákàtí kan yìí láàrin wọn. Ní ayé ìgbà náà, ojú kan ṣoṣo nínú àwo ńlá Sunny Ade lè súnmọ́ ogún ìṣẹ́jú láìdúró mí. Òkèlè kọ̀ọ̀kan ni Marre bù nínú àsè ọlọ́jọ́ méje.

Ti àwọn Lijadu ni ó dára jù. Ayàwòrán náà ní sùúrù fún wọn nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Ohùn méjì wọ inú ara wọn títí etí kò fi mọ ti Táyé yàtọ̀ sí ti Kẹ́hìndé mọ́, ó sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bí ọ̀nà ti há tó fún obìnrin nídìí iṣẹ́ orin. Bí gbogbo fíìmù náà bá rí báyìí, àyẹ̀wò yìí ìbá kúrú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Sunny Ade àti àríyá, owó ni kámẹ́rà rí. Owó bébà ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí, ó ń jábọ́, wọ́n ń ṣà á. Olùwòran ní Lọ́ńdọ̀nù yóò rò pé fáàrí àwọn olówó epo rọ̀bì ni, kò sì sí ohun tí yóò sọ fún un pé ìdáhùn ni owó yẹn. Olórin ti rí ẹni tí ń jó bọ̀ lókèèrè. Ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ ti wádìí orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ìlú tí ó ti wá. Gángan ti ń kì í kí ó tó dé iwájú. Nígbà tí orúkọ baba rẹ̀ bá wá bọ́ sínú orin, ara kò ní gbà á mọ́, ọwọ́ a wọ àpò lọ. Orin kò sì ní yí padà títí ẹni yẹn yóò fi náwó tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, tàbí tí ẹlòmíràn yóò fi jó wọlé gba ipò rẹ̀. Christopher Waterman, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé púpọ̀ lórí irú nǹkan báyìí nínú ìwé tí ó kọ lórí jùjú ní 1990. Ó dùn mọ́ni pé òyìnbó rí i, ó sì dunni pé kámẹ́rà ti kọjá lọ ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ tòótọ́ wà láàrin orin gígùn ti Amẹ́ríkà àti orin gígùn ti Yorùbá. Nígbà tí Garcia bá fa orin gùn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń wá nǹkan kiri; àwọn èrò dúró, wọ́n ń retí ohun tí wọn yóò rí mú bọ̀. Nígbà tí orin jùjú bá gùn, kì í ṣe pé olórin kò mọ ibi tí yóò parí sí. Àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó di òpin orin náà mú lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gé orin Grateful Dead kù, ó gé orin náà kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé orin jùjú kù, àwọn ènìyàn ni ó gé kúrò níbẹ̀, bí wọ́n ti jó wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

I. K. Dairo ìbá ti fi èyí han Marre bí ó bá bá a jìnnà sí Èkó díẹ̀. Ọ̀fà ni wọ́n bí Dairo sí, ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni orírun rẹ̀. Òun ni ó mú akọ́díọ̀nù gbilẹ̀ nínú jùjú, òun ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ tí ó ju méjèèjì lọ ni pé ó ń fi onírúurú ẹ̀ka-èdè kọrin. Ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé èrò ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti wá ni a fi ń pè wọ́n.

Ìgbómìnà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí kí jùjú tó dé rárá. Ẹlẹ́wẹ̀, egúngún Ìgbómìnà tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ijó àti ìtàkìtì, kì í jó fún èrò tí kò lóhùn. Ìlù ń pè é, ó ń dáhùn. Èrò ń gbè é, ó ń fi kún un. Ẹni tí ó dàgbà sídìí irú eré bẹ́ẹ̀ ni ó dàgbà tán tí ó pe ẹgbẹ́ olórin wá sí òkú ìyá rẹ̀ ní Òmù-Àrán, tí àwọn ọmọ ìlú ti Èkó, Ìbàdàn àti Kàdúná wálé nínú aṣọ ẹbí. Olórin tí ó bá débẹ̀ tí kò kọ́kọ́ júbà Olómù, tí ó ń ki ọmọ Ìgbómìnà bí ẹni ń ki ará Ìjẹ̀bú, àga ni yóò máa kọrin fún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó di dandan kí ó kọ́ ìlú náà kí ó tó gba ohùn sẹ́nu. Ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí, tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé láàrin olórin àti àwọn ìbátan olóòkú, ni fíìmù ìbá yà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ju sùúrù lọ.

Ní Èsìẹ́, àwọn ère òkúta wà tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún. H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ni ó mú ìròyìn wọn dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní 1933, nítorí wọn ni wọ́n sì ṣe kọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀ ní 1945, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, irun dídì wọn hàn, ilà ojú wọn hàn. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta. Ojú wà, orúkọ kò sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tí ń jó níwájú olórin nínú Konkombe rí lónìí: a rí gèlè, a rí ìka tí ń lẹ owó, a kò mọ ọmọ ta ni wọ́n, a kò sì mọ ohun tí gángan sọ fún wọn tí wọ́n fi ki ọwọ́ bọ àpò.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà láàrin wọn àti àwọn ère náà. Dairo kú ní 1996, Fela ní 1997, Okosun ní 2008, Kehinde Lijadu ní 2019, Marre fúnra rẹ̀ sì kú ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1979, tí ó sì wà láyé, ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní àádọ́rin ọdún ni. Irú wọn wà ní àwọn ìlú Ìgbómìnà, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Èkó nígbà ayé náà, tí wọ́n wá fẹ̀yìntì sílé, tí wọ́n sì jó ní ọ̀pọ̀ irú òde bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní fóònù lè gbé fíìmù náà lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí ó dá a dúró ní ibi tí gángan ti ń sọ̀rọ̀, kí ó béèrè ohun tí ó wí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan ni Konkombe. Bí àgbàlagbà náà bá mọ̀ tó ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà múra àtisùn síbẹ̀.