Ta Ni Kí Jambite Bi?

Bí a ṣe ń gba àwọn ọmọ tuntun wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga wa ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi Pólí Ọ̀fà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, ṣe ìṣirò. Bíi ti àwọn pólí yòókù, ọdún méjì ni ND, ìyẹn sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin péré. Ọmọ tó bá fi èyí àkọ́kọ́ wá ilé, wá kíláàsì, wá ibi ìforúkọsílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. CGPA 2.50, tí à ń pè ní lower credit, ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọ HND. Ọ̀pọ̀ ọmọ, ìgbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́ ni wọ́n tó gbọ́.

Kí wá ni à ń sọ fún wọn? Ìkìlọ̀! Má ṣẹgbẹ́ òkùnkùn, má jíwèé wò, má wọ aṣọ játijàti. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọ gáùn, wọ́n á búra, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a fi ìkìlọ̀ dẹ́rù bà, ṣé ó máa wá sọ fún wa pé owó ilé-ìwé òun kò pé? Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń lò báyìí ti wà láti oṣù kẹrin 2024, NELFUND sì ń san owó ilé-ìwé tààrà fún ilé-ìwé ìjọba. Ó yẹ kí ẹnìkan jókòó ti ọmọ náà kó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, “Prof, ṣé ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ni? Ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni kó bi? Ọ̀fà tí ẹ rí yẹn, ìlú oníjàkadì ni. Kò sí ọ̀gá ìjàkadì tó máa ti ọmọ tuntun sójú agbo láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ohun tí mo ń wí kò náwó púpọ̀. Ẹ fa jambite mẹ́wàá mẹ́wàá lé ọmọ ND II kan lọ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí olùdámọ̀ràn wo ìwé ìpè orúkọ, kó pe ẹni tí kò wá. Lẹ́yìn tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, kó tún pe ẹni tó fìdí rẹmi, kì í ṣe láti bá a wí o, láti bi í pé, “Kí ló dé?”

Ilé-ìwé tí kò mọ̀ pé ọmọ kan ti dáwọ́ wíwá dúró, kò tíì gbà á wọlé, bó ti wù kí gáùn rẹ̀ dára tó.